Bàálù Àkúrẹ́ sí Èkó: Wákàtí Méjì Ààbọ̀ Nítorí Táyà Kan

Táyà ni iṣẹ́ mi. Mo ń lẹ̀ ẹ́, mo ń fẹ́ ẹ, mo ń ta tuntun, mo ń ta tòkunbọ̀, nítòsí ọ̀nà Oyèmẹkùn nílùú Àkúrẹ́, láti ìgbà tí mo ti ṣe fìrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Oǹdó. Bí ẹ bá wá rí i pé ọ̀rọ̀ táyà bàálù pọ̀ lẹ́nu mi ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n fún wa nínú rẹ̀ lọ, ẹ má bínú. Ibẹ̀ ni ojú mi mọ̀ jù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni bàálù tí mo wọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Èkó. Ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ l'Ékòó ló ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó táyà jíìpù tuntun méjì. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀nà Orè wá síbi ìkómọ yìí. Ẹ wọ bàálù." Mo kọ̀. Ó tún pè lálẹ́, mo tún kọ̀. Nígbà tó pè lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní mo ti gbà. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù náà. Mo ní ẹ̀sùn kan sí wọn, mo sì ní oríyìn ńlá fún wọn, méjèèjì ló sì kan gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá ń gbé èrò lójú òfúrufú.

Kì í ṣe ojo ló mú mi kọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n pè mí sí ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú wa, pé táyà ọkọ̀ kan jò nínú àwọn tó ń lọ pàdé òkú gómìnà wa tẹ́lẹ̀, Dókítà Olúṣẹ́gun Àgàgú. Bàálù ló ń gbé òkú náà bọ̀ láti Èkó. Mo ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo ń tú nọ́ọ̀tì kẹta lọ́wọ́, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò àwọn èèyàn, tọ̀tún tòsì, èyí kò tíì dákẹ́ tí òmíràn ti gbà á. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà gbọ́ tirẹ̀, ó jókòó sórí koríko pẹ̀lú agbádá funfun tó wọ̀, kò sọ nǹkan kan. Bàálù náà ti já. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀ l'Ékòó tó fi já. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì bá a lọ. Kọmíṣọ́nnà Déjì Fálaè wà lára wọn. Àgàgú tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ bọ̀ yìí ti ṣe mínísítà ọkọ̀ òfúrufú rí nígbà tó wà láyé. Mo de nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, n kò gba owó iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù gbé ọ̀rọ̀ jáde, mo kà á. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé bàálù náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀. Ó ṣì ń sáré lórí ilẹ̀ tí ohùn inú ẹ̀rọ fi ń ké léraléra pé nǹkan kò tọ́. Ẹ́ńjìnnì kan kò mú agbára tó yẹ kó mú wá. Wọ́n lè tẹ bíréèkì nígbà náà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́.

Àtìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn bàálù tó já. Ìyàwó mi rò pé àárẹ̀ ọkàn ni. Ohun tí mo ń wá nínú ìtàn kọ̀ọ̀kan ni ibi tí ẹnì kan ti lè sọ pé "ẹ dúró," tí kò sọ ọ́, tàbí tó sọ ọ́ tí wọn kò gbọ́. Ẹ ò ní mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń wà tó.

Ó dáa. Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Pápákọ̀ òfúrufú Àkúrẹ́ lọ́nà Ọ̀bà-Ilé kò tóbi, ìyẹn ni mo sì fẹ́ràn nípa rẹ̀: láti ibi tí ọkọ̀ ti já mi sílẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti wo tíkẹ́ẹ̀tì mi, n kò rìn ju bí ẹni tó lọ ra omi lọ. Iṣu mẹ́fà ni mo gbé àti èlùbọ́ ìyá ọmọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń wọn ẹrù bá mi fi okùn di ẹnu àpò náà kí iṣu má bàa yọ, ó kí mi dáadáa, "Ẹ kú ìrìnàjò o, sà." Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ìjókòó tó. Èmi kò rí àléébù kankan níbẹ̀.

Bàálù wa gúnlẹ̀ láti Èkó nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Àwọn tó bá a wá sọ̀ kalẹ̀, àwa ń dìde, à ń to ara wa. Mo dúró sídìí gíláàsì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹnjiníà tó ń bá bàálù náà rìn ni. Ó ń yí i ká bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ apá òsì, ó kúnlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa táyà náà lára, láti òkè wá sísàlẹ̀, ní jẹ́jẹ́. Ọwọ́ náà dúró.

Mo mọ ìdúró ọwọ́ yẹn. Bí ọwọ́ èmi náà ṣe máa ń dúró nìyẹn bí mo bá kan ohun tí ojú kò tíì rí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbójú sókè, ó juwọ́ sí páílọ́ọ̀tì. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì, onílà mẹ́rin léjìká, sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa yẹn, ó wo ibi tí ọmọ náà ń nà sí. Wọn kò jiyàn. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé jáàkì àti táyà mìíràn, tòun ti ríìmù rẹ̀, jáde látinú ikùn bàálù níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí wọn nìyí. Nínú gbọ̀ngàn tí a wà, ohun tí wọ́n sọ fún wa lórí ẹ̀rọ ni pé bàálù yóò pẹ́ "nítorí ètò iṣẹ́." Ètò iṣẹ́ wo? Èèyàn bí àádọ́ta ló wà níbẹ̀, ìwọ̀nba àwa tó wà lẹ́bàá gíláàsì ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn yòókù rò pé ìwà ọ̀lẹ ni, tàbí pé wọ́n ń dúró de ènìyàn ńlá kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọmọbìnrin tó di okùn àpò iṣu mi, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé, "Táyà kan gé, a ń pààrọ̀ rẹ̀," ta ni yóò bínú? Wọ́n gba ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́ wa láti dúró pẹ̀lú sùúrù.

Ẹnì kan bínú náà ṣá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù wá sídìí gíláàsì, ó rí i, ó ní, "Ṣé kì í ṣe táyà yẹn náà ló fi gúnlẹ̀ báyìí? Kó fi gbéra ká máa lọ!" Àwọn kan ní òótọ́ ló sọ. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Nígbà tó ń gúnlẹ̀, ó ti jó epo dànù lójú ọ̀nà. Ìgbà tó bá fẹ́ gbéra, tó rù àwa àti ẹrù wa àti epo, tó ń sáré àsápajúdé, ìgbà yẹn ni táyà ń ru ẹrù jù lọ." Ó wò mí. Mo bi í bóyá ó gbọ́ nípa ti Jẹ́dà.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 1991. Ọmọ iṣẹ́ ni mí ní Oǹdó nígbà náà. Ọ̀gá mi ní ká pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà kí òun lè gbọ́ rédíò dáadáa: bàálù tó ń kó àwọn alálàájì bọ̀ wá sí Sókótó ti já ní Jẹ́dà, gbogbo wọn ló kú, èèyàn 261. Nigeria Airways ni wọ́n ní ìrìnàjò náà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan láti Kánádà, Nationair, ló ni bàálù, DC-8. A káàánú, a tan ẹ̀rọ padà, a ń bá iṣẹ́ lọ. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kí n tó kà á pé táyà ni. Ọjọ́ tí mo kà á, n kò lè jẹun alẹ́.

Bó ṣe lọ nìyí. Táyà méjì lára bàálù náà kò ní afẹ́fẹ́ tó. Mẹkáníìkì mọ̀. Náítírójìn ni wọ́n fi ń fẹ́ táyà bàálù, nítorí kò sí omi nínú rẹ̀ tó lè di yìnyín lókè lọ́hùn-ún, kì í sì í ran iná lọ́wọ́. Wọ́n wá náítírójìn, kò sí nítòsí. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ kò fẹ́ kí bàálù pẹ́. Ó ní kó máa lọ.

Ẹni tó bá ti rí tírélà tí táyà rẹ̀ gbiná lọ́nà Orè yóò mọ ìyókù. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń wú, á máa sún kì, ara rẹ̀ a máa tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, títẹ̀ náà ni í mú un gbóná. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí irin kan náà á wá máa gbé ẹrù tirẹ̀ àti ti ẹnìkejì rẹ̀. Bó ṣe rí ní Jẹ́dà gẹ́lẹ́ nìyẹn: èyí tí kò ní àìsàn ló kọ́kọ́ bẹ́, lẹ́yìn tó ti ru ẹrù ẹlẹ́rù, èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó sì tẹ̀lé e. Àgbá ẹsẹ̀ kan kò yí mọ́, ó ń wọ́ nílẹ̀, rọ́bà gbiná. Àwọn páílọ́ọ̀tì kò mọ̀. Wọ́n gbéra, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ bàálù wọnú ikùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Iná ni wọ́n ká wọlé. Iná náà jẹ àwọn wáyà, ó jẹ ilẹ̀ tí àwọn èrò gbé ẹsẹ̀ lé, ó débi pé àwọn èèyàn ń já bọ́ láti òkè kí bàálù náà tó padà dé pápákọ̀. Kò dé ibẹ̀.

Nọ́ńbà tí mo máa ń kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi fún àwọn ọmọ iṣẹ́, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà (PSI), ni 32 fún ọkọ̀ kékeré. Táyà bàálù ńlá lè tó 200. Géèjì lásán ló máa fi hàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Ọ̀gbẹ́ni oníkóòtù yẹn dákẹ́. Ó padà lọ jókòó, lẹ́yìn náà ó tún wá dúró tì mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé táyà nìkan ló lè ṣe gbogbo ìyẹn?" Mo sọ ti Concorde fún un, bàálù tó ń yára ju ohùn lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2000, ní Paris, ó kọjá lórí irin pẹlẹbẹ kan tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́, tó já bọ́ lára bàálù mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra níbẹ̀. Irin náà la táyà, ègé rọ́bà fò lu abẹ́ ìyẹ́, epo tú, iná sọ. Gbogbo èèyàn 109 tó wà nínú rẹ̀ kú, ó sì pa mẹ́rin mọ́ wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì tó já lé. Nígbà tó fi di ọdún 2003, wọ́n ti gbé gbogbo Concorde sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹnjiníà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ó lè tó ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì tó juwọ́ sí lè bí i. Láàárín àwa Yorùbá, ẹ mọ bó ṣe ń rí kí ọmọdé tó sọ fún àgbà níwájú èrò pé ohun tí àgbà fẹ́ gùn kò dára. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife, ilẹ̀ Sípéènì, bàálù KLM àti ti Pan Am, Boeing 747 méjèèjì, forí gbárí lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru. Èèyàn 583 ló kú. Kò tíì sí ìjàm̀bá bàálù mìíràn tó pa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì KLM jẹ́ ẹni ńlá nínú ilé-iṣẹ́ náà, olùkọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì ni. Wọ́n ti pẹ́ nílẹ̀, wákàtí tí òfin gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ ti ń lọ tán, ó sì gbéra láìgba àṣẹ. Ẹnjiníà tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá bàálù kejì ti kúrò lọ́nà lóòótọ́. Béèrè ni o, kò ké. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù káàkiri ayé pé kí ọmọ abẹ́ máa sọ̀rọ̀ síta, kí ọ̀gá sì máa gbọ́.

Èmi náà ti rí irú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù sọ níwájú oníbàárà pé táyà tí mo ń tà fún un ti dàgbà jù. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Mo yí táyà náà sí oòrùn, mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Òótọ́ ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, òun ni mo fi sídìí yíyẹ táyà wò báyìí.

Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú la wọlé. Wákàtí méjì ààbọ̀ gbáko ni wọ́n fi dá wa dúró. Bí ẹ bá bi mí ohun tó dára jù nínú gbogbo ohun tí owó ọmọ mi rà lọ́jọ́ náà, wákàtí méjì ààbọ̀ yẹn ni. Mo rántí àwọn tó wà nínú bàálù Dana tó já sí Ìjú-Ìṣàgà ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2012. Èèyàn 153 ló wà nínú rẹ̀ láti Àbújá. Ẹ́ńjìnnì kan ti ń ṣe ségesège kí wọ́n tó rin ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n wọn kò yà sí pápákọ̀ tó wà nítòsí, Èkó ni wọ́n ń bọ̀ ṣáá. Bí wọ́n bá yà, àwọn èrò ì bá bínú. Wọn ì bá kàn bínú ni.

Inú bàálù náà mọ́, ìjókòó há díẹ̀ fún ẹni tó ga. Omidan tó ń tọ́jú èrò dúró síwájú, ó ń fi bí a ṣe ń de bẹ́líìtì hàn wá, ó ń na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ó sọ ọ́ ketekete, kò sáré. Ẹni tó jókòó tì mí ń wo fóònù. Nígbà tí omidan náà dé orí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, ó ní ká má fẹ́ ẹ títí a ó fi jáde. Mo fọwọ́ tọ́ ẹnìkejì mi, mo ní kó gbọ́ ìyẹn. Ní ọdún 1996, àwọn ajínigbé gba bàálù Ethiopian kan, epo tán nínú rẹ̀, ó bọ́ sómi lẹ́bàá erékùṣù Kòmórò. Àwọn kan ti fẹ́ ẹ̀wù wọn nínú bàálù. Nígbà tí omi wọlé, ẹ̀wù náà gbé wọn mọ́ òrùlé bàálù, wọn kò lè rì wálẹ̀ wá ẹnu ọ̀nà. Ó fi fóònù sápò.

Ìrìn náà kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n fún wa ní míìtì páì kan àti omi. Páì náà tutù. Ìkùukùu mi bàálù lẹ́ẹ̀mejì, mo di ọwọ́ ìjókòó mú, ó dáwọ́ dúró.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ l'Ékòó, tí bàálù ṣì ń rìn, èèyàn mẹ́jọ ti dìde, wọ́n ń fa báàgì láti òkè. Omidan ní kí wọ́n jókòó, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó. Ó yẹ kó tún un sọ pẹ̀lú ohùn líle, kò tún un sọ. Àléébù kejì tí mo rí nìyẹn. Báàgì kọ́ ló yẹ kó wà lọ́kàn èèyàn nínú bàálù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2024, ní Tokyo, bàálù Japan Airlines kọlu bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun bó ṣe ń gúnlẹ̀, ó sì gbiná. Èèyàn 379 ló wà nínú ti Japan Airlines, gbogbo wọn ló jáde láàyè, wọ́n sì fi ẹrù wọn sílẹ̀ kí iná jẹ ẹ́. Márùn-ún nínú mẹ́fà tó wà nínú ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ló kú. Ẹrù ìyá ọmọ tèmi wà nísàlẹ̀, n kò rántí rẹ̀ títí mo fi dé orí àtẹ̀gùn.

Ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ń já ẹrù sílẹ̀. Àpò iṣu mi jáde, táyà tí wọ́n bọ́ ní Àkúrẹ́ tẹ̀lé e, tòun ti ríìmù rẹ̀, ọmọ ẹnjiníà náà sì ń yí i lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kí i, mo sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún un, mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Ó wo àwọn ẹ̀ṣọ́, ó wò mí, ó ní, "Ẹ yára o, Bàbá." Ó yí i kí ibi tó gé lè kọjú sí mi. Kò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Mo fi àtàǹpàkò mi sínú rẹ̀, ó wọlé dé ìdí èékánná, mo sì kan òwú tó wà nísàlẹ̀ rọ́bà, ó gún mi lọ́wọ́ bí irùngbọ̀n tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.